Àṣìṣe Atẹ̀wé

Bàbá mi ń ka ìwé fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú.
Kì í ṣe ìwé tirẹ̀: kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ètò ìsìnkú,
ìpolongo àwọn tí kò ní wọlé ìbò.
Gègé pupa wà létí rẹ̀, ó ń wá ibi tí àmì ti já.
“Ọkọ̀,” ni yóò wí, “ọkọ́, ọkọ, ọ̀kọ̀.
Sọ ohùn kan nù báyìí, o ti fi ọkọ̀ ro oko,
o ti gbé ọkọ́ níyàwó.”
A ó rẹ́rìn-ín. Bánjókòó a rẹ́rìn-ín
títí egungun rẹ̀ yóò fi rán an létí.

Fòníkú-fọ̀ladìde làwọn aládùúgbò ń pè é.
Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ní Àkókà ni mo tó mọ̀
pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni.
Nínú gbogbo ìwé tí a kọ sínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi,
T jókòó síbi tó yẹ kí A wà,
ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bí dòjé,
dòjé sì ń kórè rẹ̀ ní oríkèé, ní oríkèé.
Mo sọ fún bàbá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
“Àṣìṣe atẹ̀wé,” ló wí.
Kò tún sọ nǹkan mìíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Òru ni mò ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní Ìdí-Àràbà,
òkè kejì, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń húkọ́ lábẹ́ fèrèsé.
Ẹ́ńsáímù kan wà lọ́wọ́ wa tó lè pa lẹ́tà dà
láì fa ìwé ya.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ níwọ̀n:
bó bá tún ọ̀kan ṣe, a fọwọ́ kan aládùúgbò rẹ̀,
bí ọmọ iṣẹ́ tí bàbá lé lọ́dún kan
torí pé gbogbo “o” tó rí ló fi àmì sábẹ́ rẹ̀.

A kò lè jókòó kọ́ ẹ́ńsáímù níwèé. Kò létí.
Ńṣe là ń dà á rú, ẹ̀dà lórí ẹ̀dà,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wíwọ́ tirẹ̀,
a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bakitéríà kan,
a ba ọ̀rọ̀ kan jẹ́ nínú bakitéríà náà,
ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà á lọ́wọ́ oògùn.
Lẹ́yìn náà, a da oògùn sí i.
Èyí tí ẹ́ńsáímù rẹ̀ bá tún ọ̀rọ̀ náà kọ, yóò yè.
Àwọn yòókù—

N ò ní parọ́, ó máa ń ṣe mí bákan.
Aago márùn-ún ìdájí, mo ṣí àwo, agà dì bí ẹ̀kọ tútù,
òfìfo, òfìfo,
kí n tó rí àmì funfun mẹ́ta létí àwo,
kékeré, bí èyí tó ń wà lábẹ́ ẹ.
“Má tíì yọ̀,” ni Dókítà Ẹgbẹ́yẹmí wí. “Tún wọn dà rú.”

Ní ìpele kẹsàn-án, a fi ọ̀rọ̀ kejì síbẹ̀, èyí tó pé.
Ẹ́ńsáímù tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti ilé rẹ̀ ló kú.
Báyìí ni ọwọ́ ṣe ń kọ́ ìwọ̀n.

Kò tilẹ̀ lè dá A padà.
C ló lè sọ T dà. Mo ṣàlàyé fún bàbá,
ó ní, “C? Kò sí nínú á-bí-dí wa.”
Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Ṣùgbọ́n láyé òjé, bí ẹ bá tán nínú àpótí,
e lásán la máa ń tò, a ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.
Ẹni tó ń kà á mọ̀ ọ́n.”

Fóònù dún. Bánjókòó ni, ohùn rẹ̀ ti há.
Kò sùn. Èmi náà kò sùn.
“Mélòó ló yè lónìí?”
“Mẹ́ta.”
“Mẹ́ta pọ̀,” ló wí. Mo gbọ́ bó ṣe ń yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì.
“Bó o bá ń bọ̀, ra omi. Tilé ti tán.”